Ẹ̀ga Bo Ìrẹsì Ìyá Fúàdì

Fíìmù ń lọ nílé Qanitah l'Adó, gbogbo ilé ń sunkún. Bàálù ọkùnrin kan ló já sórí òkè oníyìnyín, òun nìkan ló kù, ó ń ké, kò sẹ́ni tó gbọ́. Khadeejah, ìyá Qanitah, tí gbogbo ìlú Ìgbẹmọ ń pè ní Ìyá Fúàdì, ò sunkún ní tiẹ̀. Ó kàn mi orí. "Tiẹ̀ ṣì sàn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Èmi, wọ́n gbọ́ mi o!"

Òótọ́ ló sọ. Opó ni, oko ìrẹsì ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Tí ìrẹsì bá ti ń gbó, á kó lọ sí ahéré, òun nìkan, kó lè máa lé ẹ̀ga láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ ẹnu niṣẹ́ yẹn. Èèyàn á ké, á lu páànù, á bú ẹyẹ, á bẹ̀ ẹ́, á tún ké gbà mí o, ohun tó bá ti wá sẹ́nu ni. Ẹni tó wà lóko kejì á sì ké padà, kí ara lè yá àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, ó ń sáré lé ẹ̀ga létí oko ni ilẹ̀ bá yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Kànga àtijọ́ kan ni, koríko ti bò ó. Ó já sínú omi tó dé orúnkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ́. Ó gbójú sókè, ojú ọ̀run ò tóbi ju agbada lọ. Fóònù ń bẹ lára ìṣó ní ahéré, àwọn ọmọ ò sì ní retí rẹ̀ títí di Jímọ́ọ̀.

Ó ké. Yéè, ó ké! Kànga gbé ọ̀rọ̀ mì, ariwo nìkan ló jáde. Tíṣà Ọláoyè, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, gbọ́ ọ kedere. Inú bàbá dùn. Ó ké padà: "Hàà-ó! Ìyá Fúàdì, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é títí Tíṣà fi gun ọ̀kadà lọ sílé. Obìnrin náà fẹ̀yìn ti ara kànga, ó ń mu nínú omi tó dúró sí, ó ń fi ìka ṣe tẹsíbíù, ó ń yin Ọlọ́run. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún ké, Tíṣà tún kí i. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ohùn òun gan-an ló ń pa òun. Tó bá ṣì ń ké, kò sóhun tó ṣe é lójú ẹnikẹ́ni.

Ó bá dákẹ́.

Ẹ má fojú kéré ìdákẹ́ yẹn o! Ìrẹsì yẹn ni oúnjẹ ọdún, òun náà ni Fúàdì fi ń lọ sí pólì. Ó sì ń gbọ́ bí ẹ̀ga ṣe ń bà lé e lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí wọ́n ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń pariwo. Ẹnu tó ti ń lé ẹyẹ láti ìgbà èwe fẹ́ ké fúnra rẹ̀. Ó tú ìborùn, ó tì í bọ ẹnu, ó deyín mọ́ ọn, omijé ń dà pòròpòrò. Háà, irú èèyàn wo rèé? Ẹ̀rù obìnrin náà ń bà mí.

Oòrùn ti yẹ̀ kí inú tó bí Tíṣà, nítorí ẹ̀ga tó bá jẹ oko kan tán, oko kejì ló kàn. Ó já wọ inú ìrẹsì, ó ń bínú, ó ṣa òkò lọ́wọ́. "Ìyá Fúàdì! Ṣé oorun lẹ wá sùn lóko ni? Ẹ̀ga ti jẹ ìrẹsì yín tán!"

Obìnrin náà dúró títí ó fi gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá létí kànga. Ìgbà yẹn ló tó yọ aṣọ lẹ́nu.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Okùn ni kẹ́ ẹ bá mi wá."