Ojú kì í ṣe ibi gbẹ́rẹ́

Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọge kan wá sí kílíníìkì mi n'Ísẹ́yìn láàárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ wú, ó ń ṣomi. Ọ̀la ni wọ́n máa so yìgì rẹ̀. Ó fi rólà abẹ́rẹ́, irinṣẹ́ kékeré tó ń yí tí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀, gún ojú nílé kó lè dán, ó wá lọ fítámìnì C oníhóró, ó fi pa á.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Dókítà, ṣebí bíi gbẹ́rẹ́ ni? Tí wọ́n bá sín in tán, wọ́n á fi oògùn ra á."

Ẹnu ni fítámìnì oníhóró yẹn ń gbà ran awọ lọ́wọ́! Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ta ló ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú egbò?

Ìyá rẹ̀ tó bá a wá ní, "Ìbòjú á bò ó lọ́la."

Ọ̀túnla ńkọ́, Màmá?

Ẹ̀yin tí ẹ ní rólà yìí nílé, kí lẹ fi ń pa ojú?