Oṣù Tí Bàbá Ẹ̀pẹ́ Ò Rí

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà ní Ìgbògbò nígbà tí bàbá mi kan ilẹ̀kùn mi. Mo ti múra tán. Mo kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ni, oorun sì ń gbé mi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bí mi ò bá sùn tó, inú mi kì í dùn sí ẹnikẹ́ni. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú búta àlùwàlá lọ́wọ́, ó ń wo báàgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé o ti gbé e síbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀, Bàbá."

"Má sọ pé èmi ni mo ní kó o gbé e lọ o. Sọ pé ìwọ lo rò ó."

Awò ilé ìwé wa ló wà nínú báàgì náà, irú èyí tó gùn bí ọ̀pá, tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà lójú ọ̀run. Mo yá a lọ́wọ́ tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, mo sì ṣèlérí pé kò ní fọ́. Èmi, ìtàn ni mò ń kọ́ wọn.

Kí ẹ tó bá mi wọ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹ̀pẹ́, ni àfáà àdúgbò rẹ̀ lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òun ló ń bá wọn wo oṣù. Bí ààwẹ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tàbí tó fẹ́ parí, á lọ sétí ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́, á gbójú sókè, ohun tó bá sì sọ ni gbogbo agbo ilé á ṣe. Ní ti bàbá tèmi, ìkéde orí rédíò ló ń tẹ̀ lé. Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ tí àwa kírun Ìtúnu Ààwẹ̀ ní Ìgbògbò, Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní òun ò rí oṣù kankan, kí àwọn èèyàn òun ṣì máa gbààwẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni kéèyàn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Bàbá mi pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ káwọn èèyàn jẹun. Gbogbo ayé ló ti rí oṣù."

"Ṣé ojú gbogbo ayé ni Ọlọ́run fi sí mi lórí?" Bàbá Ẹ̀pẹ́ dáhùn, ó sì pa fóònù.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àgbàlagbà méjì, ọmọ ìyá kan náà, odindi ọdún kan. Ó ń dùn mí, ó sì ń bí mi nínú. Ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ṣàbáánì, oṣù tó ṣáájú oṣù ààwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa tún wo oṣù. Bí àwọn méjèèjì bá tún yapa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀kan nínú wọn lè kú kí wọ́n tó tún bára wọn sọ̀rọ̀.

Kẹ̀kẹ́ márúwá gbé mi dé ibùdókọ̀ Benson ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ọyẹ́ bolẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iná àwọn tó ń din àkàrà létí títì fi dà bí ohun tó wà lábẹ́ omi. Mọ́tò Ẹ̀pẹ́ gba ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Dẹ́rẹ́bà bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé báàgì yẹn sí bùùtù."

"Rárá o, awò ni. Ó lè fọ́."

"Awò kí lẹ fẹ́ fi wò?"

"Oṣù."

"Oṣù? Ṣé kì í ṣe orí fóònù la ti ń rí i báyìí ni?"

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Bí mọ́tò bá ti gbéra báyìí, oorun dé fún mi nìyẹn. Ojú mi ń pa dé, ó ń là, igi ọ̀pẹ ń yọ nínú ọyẹ́, wọ́n tún ń wọnú rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ náà ló ń yí mi lórí. Mo sọ fún wọn bí ọkùnrin kan nílẹ̀ òyìnbó, láyé àtijọ́, ṣe na irú awò tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí sí oṣù, tó sì rí òkè àti kòtò lára rẹ̀. Mo sọ bí àwọn míì ṣe tẹ ìwé mímọ́ jáde ní èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé, tó fi jẹ́ pé ìyá tó ń dáná lè kà á fúnra rẹ̀. Àwọn tó ti ń dá ka ìwé ò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọba léèrè ẹni tó fún un ládé. Wọ́n tiẹ̀ bẹ́ ọba kan lórí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé ọkùnrin aláwò yẹn pe àwọn àgbà kan kí wọ́n wá fojú sí awò náà, wọ́n ní àwọn ò wò ó. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lójú oorun, mo rí àwọn àgbà náà nínú mọ́tò wa. Wọ́n wọ aṣọ gígùn dúdú, wọ́n jókòó sí ìjókòó iwájú, wọ́n kọjú síta. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kan léjìká, kòtò kan lẹ́yìn Ìmọ̀ta sì jí mi.

Láti ibẹ̀ lọ ojú ọ̀nà ò dáa, eruku pupa bo gíláàsì. A kọjá ibi tí wọ́n ń yà sí Agbówà, tí àwọn obìnrin gbé ẹ̀gẹ́ sórí lọ sọ́jà. Ní Ìtóìkín a dúró díẹ̀, mo ra bọ̀ọ̀lì méjì àti ẹ̀pà. Bọ̀ọ̀lì tiwa ní Ìgbògbò, ìwé ìròyìn ni wọ́n ń fi wé e. Tibí, ewé ni, ó sì ń ta sánsán ju tiwa lọ. Mo jẹ ẹ́ tán kí ìtẹ́lọ́rùn tó dé.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbé mi dé ilé Bàbá Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọ̀sà, níbi tí òórùn ẹja yíyan kì í ti í kúrò lára aṣọ. Ó wà lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó yí ojú síbi tí ohùn mi ti wá, ó fọwọ́ pa mí lápá.

"Rìsíkátù. O ti sanra."

"Ọlọ́run ló ń ṣe é, Bàbá."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ìkọ́kọrẹ́ wá. Bí àwa ṣe ń se ewùrà náà ní Ìkòròdú, ó máa ń ki ju báyìí lọ. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ewùrà gan-an lò ń wá. Mo jẹ ẹ́ títí ìyàwó Bàbá fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn mú, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn, èmi náà ń tòògbé, mò ń jí. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ló gbé àwọn baba ńlá wa dé láti Ìsàlẹ̀ Èkó, nígbà tí òyìnbó lé ọba tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, wà nínú ẹrù wọn.

"Oṣù kan náà làwọn apẹja ń wò nítorí àwọ̀n wọn," ó ní. "Àwọn baba wa dé, wọ́n ń wò ó nítorí ààwẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé òyìnbó dé, baba bàbá mi fi bàbá mi pa mọ́ sínú àká. Ó ní wọ́n á sọ ọ́ di onígbàgbọ́. Wò ó báyìí, ìwọ ló di tíṣà."

Mo rí i pé ọ̀nà ti là. Mo gbé awò náà jáde. Kò wò ó. Ó fọwọ́ pa á láti ìdí dé orí.

"Ta ló ní èrò yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Irọ́ lò ń pa. Bàbá ẹ ló rán ẹ." Ó gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó nà án sí mi. "Gbé e sílẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi, àwọn àgbà ọjọ́sí náà rèé.

Ní ìrọ̀lẹ́ a lọ sétí ọ̀sà, mo ṣáà gbé báàgì mi dání. Àwọn ará àdúgbò bíi mẹ́wàá ti ń dúró. Oòrùn wọ inú ọyẹ́, ó pupa, kò mọ́lẹ̀, omi dákẹ́. Bàbá gbójú sókè. Ó pẹ́. Ó wá rọra mú mi lápá, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lo rí?"

"Mi ò tíì rí nǹkan kan, Bàbá."

"Èmi náà. Ó ti pé ọdún kan tí ojú yìí ò rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ." Kò jọ̀wọ́ apá mi. "Awò yẹn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, Rìsíkátù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí n fojú sí i, kí n má rí nǹkan kan, kí n wá mọ̀ dájú pé èmi ni mo fi ààwẹ̀ lé wọn lórí lọ́jọ́ ọdún."

Omi bọ́ lójú mi. Mo to awò náà sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bá a wá, mo darí rẹ̀ síbi tí oòrùn wọ̀ sí. Òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó fojú sí i títí mo fi rò pé oṣù máa wọ̀.

"Ó ti dájú," ó ní. "Mi ò rí nǹkan kan. Ìwọ wò ó."

Mo wò ó. Ọyẹ́ nìkan ni. Mo sún un díẹ̀, mo tún sún un. Ó sì wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé.

"Mo rí i, Bàbá."

"Ṣé o lè búra?"

"Mo lè búra."

Bàbá Ẹ̀pẹ́ yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Èmi ò rí oṣù. Ojú mi ti lọ, ó sì ti lọ láti èṣí. Ẹ foríjì mí. Ọmọ àbúrò mi ló rí i, awò ló fi rí i, mo sì gba ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀la la máa gbààwẹ̀."

Ọkùnrin arúgbó kan kùn. "Obìnrin? Pẹ̀lú awò?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n purọ́ pé èmi ni mo rí i ni?"

Arúgbó náà ká agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó tẹ̀ ba, ó fojú sí awò. Ó ní, "Àlùámúdù líláì," ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀ títí oṣù fi wọ̀. Kí a tó sùn, rédíò náà kéde pé wọ́n ti rí i níbòmíràn.

A jẹ sààrì pọ̀, a kírun àsùbáà, mo sì wọ mọ́tò padà. Bàbá ló sìn mí débẹ̀, ó di apá mi mú. Ó ní, "Sọ fún bàbá ẹ pé ojú mi ti lọ. Má fi nǹkan kan pa mọ́." Lọ́nà, oorun tún gbé mi, mò ń retí àwọn àgbà aláṣọ dúdú náà, wọn ò wá. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé olóríkunkun ni wọ́n, pé wọn ò fẹ́ ìmọ̀ tuntun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n mi ò bi ara mi rí bóyá ẹnì kan nínú wọn kàn mọ̀ pé ojú òun ti ń lọ ni, tí kò sì rí ẹni tó máa di òun lápá mú. Bí mo bá padà sí kíláàsì, n ó tún ẹ̀kọ́ yẹn kọ́, a ò sì ní rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi wà níwájú ilé ní Ìgbògbò, ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Kò béèrè nípa oṣù.

"Ṣé awò náà ò fọ́?"

"Kò fọ́. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní kí n sọ fún yín pé ojú òun ti lọ. Láti ọdún tó kọjá ni. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó yọ fóònù, kò rí nọ́ńbà náà dáadáa, èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oṣù ló máa bá a sọ, tàbí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Mo gbọ́ tí Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní, "Ta nìyẹn?" Bàbá mi gbé fóònù mọ́ etí dáadáa.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi jẹ sààrì?"