Aṣọ Funfun Lójú Bàbá Mi

Fọ́tò náà ṣì ń kán omi nígbà tí bàbá onífọ́tò gbé e kalẹ̀ sórí pákó níwájú ìyá mi. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa, ó ń ta mí nímú. Ìyá mi fi etí ìró nu ọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó. Ni wọ́n bá fọwọ́ bo ẹnu. Láti iwájú orí bàbá mi títí dé àyà, ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun dúró síbẹ̀. Ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín, kò lójú, kò nímú.

"Ọkọ mi ti dá mi lóhùn," ni ìyá mi wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Aṣọ tí wọ́n fi sin ín nìyẹn."

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Ìkàtẹ́ tí à ń gbé létí òkun kò tíì ní títì ọlọ́dà. Iyanrìn ni, àti igi àgbọn, ẹni tó bá ń lọ sí Èkó a wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi ṣe, wọ́n sì ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n rá. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀, inú férémù onígíláàsì ló wà lára ògiri yàrá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun kì í fi nǹkan sílẹ̀. Ọ̀rinrin ti mú kí fọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Èéhù ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ti dé ọrùn aṣọ wọn. Ìyá mi gbìyànjú láti yọ ọ́, igun kan ya mọ́ gíláàsì lára, wọ́n yáa fi sílẹ̀. Bí òjò ọdún yẹn bá fi bá a bẹ́ẹ̀, ojú ló kàn tí èéhù máa jẹ. Èmi kò sì mọ ojú bàbá mi níbòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ké sí bàbá onífọ́tò. Àgbàlagbà ni wọ́n, ará òkè, wọ́n bá àwọn kọ́lékọ́lé wá sí àdúgbò wa, wọ́n sì ń gbé yàrá kan lẹ́yìn mọ́sálásí. Èékánná wọn ti pọ́n nítorí oògùn fíìmù. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọn a máa kùn nínú imú bí oyin, orin tí kò ní ọ̀rọ̀. Ọ̀gá kékeré ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí wọ́n wo férémù náà, wọ́n ní, "A ò ní yọ ọ́ rárá. Bó ṣe wà nínú gíláàsì yìí náà la máa yà á." Fíìmù méjì péré ló kù lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ya àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń ti ìrun bọ̀, tí oòrùn mú dáadáa. Àkọ́kọ́ yẹn ló wà lórí pákó yìí.

Àwọn obìnrin méjì tó ń kọjá ti dúró lẹ́nu ọgbà. Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Bàbá onífọ́tò mú fọ́tò náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá wo apá aṣọ tí wọ́n wọ̀, agbádá funfun tí wọ́n fi lọ kírun. Wọ́n jókòó.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "kì í ṣe ọkọ ẹ. Èmi ni."

"Báwo?"

"Mo bọ́ láti mọ́sálásí, mi ò pààrọ̀ aṣọ. Oòrùn tàn sí mi lára, gíláàsì gbé àwòrán mi bíi dígí, ó fi mí bo ojú ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe látọdúnmọ́dún, n ò wo ara mi."

Ìyá mi wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Omi wà lójú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde. "Ẹ wá lọ dúró lójú ọkọ mi, Bàbá. Ẹ ò tiẹ̀ ga tó o."

Àwọn obìnrin ẹnu ọgbà bá tiwọn lọ, inú wọn kò dùn.

Òjò ti ń ṣú lápá òkun, fíìmù kan ló sì kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá onífọ́tò dé pẹ̀lú bùbá aláró tó ti gbó. Wọ́n gbé férémù síta, wọ́n fi í ti igi, wọ́n wá gbé mi jókòó sórí àpótí níbi tí ojú kámẹ́rà máa wà.

"Ọ̀gá kékeré, ohun tí o bá rí nínú gíláàsì tí kì í ṣe bàbá ẹ, pè é fún mi."

"Mo rí ògiri." Ẹfun ni wọ́n fi kun ògiri wa. Wọ́n fi ẹní bò ó.

"Mo rí ojú ọ̀run." Wọ́n gbé férémù wọ abẹ́ àtíbàbà, wọ́n yí i, wọ́n tún un yí, títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé dípò iwájú.

"Mo rí abọ́." Ìyá mi gbé abọ́ tánganran kúrò.

"Mo rí eyín."

"Eyín ta ni?"

"Tèmi."

"Pa ẹnu ẹ dé nígbà náà."

Irin tó yí ojú kámẹ́rà ká ń dán. Wọ́n fi èéfín ìdí ìkòkò pa á. Síbẹ̀, nǹkan kan ṣì ń tàn níwájú orí bàbá mi, tí a kò mọ ibi tó ti wá. "Aṣọ dúdú la nílò," ni wọ́n wí, "èyí tó gbòòrò. Eléyìí tí mo fi ń bo orí bí mo bá ń ya fọ́tò kéré."

Ìyá mi wọlé. Wọ́n pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, aṣọ ọ̀fọ̀ wọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí opó bá ti ṣe opó tán, inú ọ̀sà ló máa ju aṣọ yẹn sí, kì í gbé e padà wọlé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n fi tiwọn pamọ́. Bàbá onífọ́tò mọ aṣọ náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ihò ni mo máa gé sí i, kí ojú kámẹ́rà lè yọ. Ṣé kí n gé e?"

"Ẹ gé e. Mi ò tún ní wọ̀ ọ́ mọ́."

Mo gbọ́ bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń jẹ aṣọ náà. Wọ́n ta á sáàárín òpó méjì, ihò náà sì wà níwájú mi gan-an. Mo tún gbójú sí ihò náà kí wọ́n tó gbé mi kúrò, kí wọ́n fi kámẹ́rà rọ́pò mi. Kò sí ògiri, kò sí ọ̀run, kò sí eyín.

"Kí lo rí?"

"Bàbá mi."

"Ó tó," ni wọ́n wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fọ́tò tuntun dé. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé mo jọ bàbá mi, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbàkígbà tí mo bá wo férémù, ojú tèmi náà máa ń wà nínú gíláàsì lórí tiwọn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí ojú tiwọn nìkan. Etí wọn gbòòrò ju tèmi. Àpá kékeré wà ní ìpéǹpéjú wọn. Ẹnu wọn sì wà ní pípadé bí ti ẹni tó gbé ẹ̀rín mì.

"Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ni," ni ìyá mi wí. "Onífọ́tò Èkó ló ní kó má rẹ́rìn-ín."

Bàbá onífọ́tò na ọwọ́ sí èyí tó bàjẹ́ láti fà á ya. Ìyá mi gbà á. "Ẹ jẹ́ ó wà. Ìgbà wo ni ẹnìkan ya fọ́tò ẹ̀yin gan-an rí?"

Wọ́n padà sí ìlú wọn lẹ́yìn òjò, a kò sì rí wọn mọ́. Mo lọ sí yunifásítì, mo ṣiṣẹ́, mo fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo kà ti fò lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó tí bàbá yẹn jókòó, tí wọ́n wo apá aṣọ wọn, kò kúrò lójú mi. Ká ní wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo etí òkun ni ì bá máa wárí fún wọn bí ẹni tó ń ya òkú ọ̀run ní fọ́tò.

Ọmọkùnrin mi kejì ń kọ́lé sí Lákowé. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, pé kì í wá wò mí. Ní oṣù tó kọjá mo jókòó, mo wo ipa tí èmi fúnra mi kó nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo rántí pé nígbà tó kọ́kọ́ fi ilẹ̀ náà hàn mí, mo fi í ṣe ẹlẹ́yà lójú ìyàwó rẹ̀, mo ní ta ló fẹ́ bá a gbé inú igbó. Mo wọkọ̀ dé Awóyáyà, mo wọ òmíràn. Mo bá a lórí ilé, sìmẹ́ńtì kún ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló mú yín wá?"

"Ọ̀rọ̀ burúkú kan tí mo sọ níbí ni mo wá kó," ni mo wí.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi fìlà rẹ̀ nu bẹ́ńṣì kan, ó ní kí n jókòó, ó wá nawọ́ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

"Yàrá yín nìyẹn. Fèrèsé nìkan ni wọn ò tíì fi sí i."