Ọjọ́ Tí Irin Tán Nílé Màmá Àgbà

Gbì! Màmá Àgbà, ìyá ìyá mi, fi òkúta fọ́ ọparun lẹ́yìn fúláàtì rẹ̀ ní Festac. Ó mú ẹ̀là kan tó mú bí abẹ, ó sì fi la ikùn ẹja.

Olè ló wọlé nígbà tí èmi, tí mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń jí irin tà ni. Wọ́n kó ìkòkò, ọ̀bẹ, ṣíbí àti sítóòfù. Àní wọ́n yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn! Ìkòkò amọ̀ kan ṣoṣo ni wọn ò fẹ́. Ìyá mi pè láti Alákijà pé òun ń bọ̀ wá kó Màmá Àgbà lọ sọ́dọ̀ òun pátápátá.

"Ẹ di ẹrù yín, Màmá. Kí lẹ fẹ́ máa fi dáná?"

Ilé tí Màmá Àgbà àti ọkọ rẹ̀ ti tọ́ ọmọ dàgbà ni wọ́n ní kó fi sílẹ̀ yẹn. Inú bí i. Aládùúgbò gbé ìkòkò wá yá a, ó dá a padà. Ó ní kí ọmọ òun wá wò ó bóyá òun ò lè dá gbé.

Ó wé ẹja séwé, ó tì í bọ inú eérú gbígbóná, ó se iṣu tòun tèèpo, ó sì kúnlẹ̀ ti ọlọ. Òórùn ata ń ta mí nímú.

"Màmá, ká ní irin ò sí láyé rárá ńkọ́?"

"Ṣé a ò ní jẹun ni? A ó fi amọ̀ mọlé. A ó fi iná jó inú igi, a ó fi òkúta ha á, ó di ọkọ̀ ojú omi nìyẹn."

"Ogun ńkọ́?"

"Họ́wù! Oníjà á fi igi jà."

"Ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ní sí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ á máa fẹsẹ̀ rìn wá kí i."

Mo nàka sí píìnì tó fi há búbà rẹ̀. "Haa, ọmọ yìí, o ò ṣe dákẹ́!" Ó yọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó so etí búbà náà pọ̀.

Nígbà tí ìyá mi dé, Màmá Àgbà fọwọ́ bó iṣu, ó fi òwú ìránṣọ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó da ata àti epo sí i.

"Màmá, agídí yín pọ̀ jù," ni ìyá mi wí. Ṣùgbọ́n ó jẹun, ó lá ọwọ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ó dáa, ẹ máa gbé ibí. Ṣùgbọ́n mo máa ra àgádágodo ńlá."

"Irin mà nìyẹn!" Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Mo gbà á, jàre."

Inú ilé yẹn ló wà títí Olúwa fi pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ìyá mi náà ti darúgbó báyìí, àwọn àbúrò mi sì ń sọ pé ká kó o kúrò ní Alákijà. Èmi kì í bá wọn sọ ọ́. Bí mo bá débẹ̀, màá kúnlẹ̀ kí i, màá fọwọ́, màá jókòó, màá sì bi í pé, "Mọ́mì, kí lẹ sè?"