Ọjọ́ Tí Olúyọmí Sọ Ìyá Ìyàwó Rẹ̀ Nù Lórí Òkè Iná

Bí ẹyọ irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí ẹ̀bà má dì mọ́ nínú abọ́ mi títí ọjọ́ alẹ́ mi. Òótọ́ ni láti orí dé ìrù, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́, èmi tí kò sí tíṣà kan láyé tó lè ní òun ló kọ́ mi níwèé.

Ẹ̀yin ará McKinney mọ Olúyọmí, ọkùnrin gíga tó máa ń tún àga tò lẹ́yìn ìsìn. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ rèé ní agbègbè Dallas. Ó ti wa ọkọ̀ fún àwọn èrò pápákọ̀ òfurufú ní Grapevine, ó ti ti arúgbó kiri lórí kẹ̀kẹ́ nílé ìwòsàn, kó tó wá di ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Addison. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí fáìlì aláìsàn kan má wọnú ti ẹlòmíràn. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀: kí ni orúkọ, ọjọ́ wo ni wọ́n bí i? Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń jẹ́ Ìbùkún bá tò síwájú rẹ̀, á yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí omi tíì tó hó.

Nọ́ọ̀sì ni Ọlábímpé ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́fà tí ìyá Ọlábímpé wá lò lọ́dọ̀ wọn ń parí lọ, Ọlábímpé ní Mọ́mì kò gbọdọ̀ padà sí Ìkìrun láìrí ohun tí ojú kò rí rí. Ó bá sanwó ìrìn àjò sí Lanzarote, erékùṣù kan láàárín òkun, tí ilẹ̀ ibẹ̀ bi iná láyé àtijọ́. Nígbà tó yá, ibi iṣẹ́ kò fún un láyè.

"Ẹ̀yin àti Mọ́mì lẹ ó jọ lọ," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ṣemílọ́rẹ, ẹyin ni mo gbé lé yín lọ́wọ́ o."

Ẹyin náà wúwo. Ọdún mọ́kànlá tí Olúyọmí ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, Mọ́mì kò yìn ín rí. Bí àwọn ará ilé bá béèrè àna rẹ̀, "Kò burú" ló máa ń wí. Bí Olúyọmí bá wá sọ ìyá oníyàá nù lókè òkun, ẹnu wo ni yóò fi ròyìn ní McKinney?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì funfun mẹ́ta tí wọ́n jọra bí ìbẹta ló kó àwọn èrò. Bridget, obìnrin tó ń mú wọn kiri, wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó rí "Ọlábímpé, ènìyàn méjì," torí Ọlábímpé ló sanwó. Ó bá ń pe Olúyọmí ní Místà Ọlábímpé. Olúyọmí kò tún un ṣe. Yọmí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, Bùrọ̀dá ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Ṣemílọ́rẹ nílé. Kí ni orúkọ kan sí i fẹ́ fi ṣe é?

Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Inú kòtò ni wọ́n ń gbin àjàrà sí, wọ́n fi òkúta ṣọgbà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká bí ẹni fapá gbá ọmọ mọ́ra. Ilé wọn funfun báláú, ilẹ̀kùn wọn àwọ̀ ewé. Lórí òkè iná, ọkùnrin kan da omi sínú ihò, ihò náà tú u padà, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Lórí ihò mìíràn, wọ́n ń yan adìyẹ láìsí igi, láìsí gáàsì.

"Ta ló ń koná sí i?" Mọ́mì béèrè.

"Iná inú ilẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Mo gbọ́. Ta ló ń koná sí i?"

Wọ́n fọn fèrè pé kí èrò padà sọ́kọ̀. Olúyọmí jókòó síwájú. Mọ́mì kì í jókòó ti àna rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń lọ. Olúyọmí bojú wẹ̀yìn, ó rí arúgbó kan tó fi jákẹ́ẹ̀tì borí sùn. Bridget ka èrò, iye pé, wọ́n lọ.

Ilé kan tí wọ́n kọ́ sínú ihò tí iná àtijọ́ fi sílẹ̀ ni wọ́n dé. Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá rẹ̀ wà, roboto bí inú akèrègbè, igi ọ̀pọ̀tọ́ sì gba àárín ọ̀kan yọrí síta. Olúyọmí yíjú pé kí Mọ́mì rọra sọ̀kalẹ̀. Arúgbó náà ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì kúrò lórí. Òyìnbó ni, ó ti ṣi bọ́ọ̀sì wọ̀.

Olúyọmí sáré wọ yàrá kìíní, ó wọ ìkejì, ọ̀nà tóóró kan sì tún dá a padà sí ti kìíní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yọ lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ láìmọ bó ṣe débẹ̀.

"Mọ́mì ti sọnù," ó wí fún Bridget.

"Ìyá yín?"

"Rárá. Ìyá tèmi ti kú, ọdún kẹfà rèé. Ìyá ìyàwó mi ni."

Bridget mú bírò. "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Olúyọmí wá orúkọ náà lórí, kò rí i. Mọ́mì ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó pàápàá, Ìyá Ìyàwó ni wọ́n pè é.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?"

Ìbéèrè méjì tí ọkùnrin yìí fi ń jẹun rèé. Ìwé ìrìnnà Mọ́mì, inú tòbí ló wà. Ta ni ì bá nawọ́ síbẹ̀ kà á? Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù sí Ọlábímpé pé, "Kí ni orúkọ ìyá ẹ?" Ó wò ó, ojú tì í, ó pa á rẹ́.

Bridget ti ń bá bọ́ọ̀sì kejì sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó ń wo Olúyọmí tìfura tìfura.

"Obìnrin kan wà lórí òkè iná. Ó ní òun ni ìyá Ọlábímpé, òun ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ní ìyá yín ti kú."

Orí Olúyọmí wú. Ìyá tí òun fi ọwọ́ òun sin, kí ló ń wá lórí òkè iná? Ó di igi ọ̀pọ̀tọ́ mú. Ìgbà náà ló rántí orúkọ tó wà nínú ìwé ọwọ́ Bridget.

"Èmi kọ́ ni Ọlábímpé," ó wí. "Ìyàwó mi ni Ọlábímpé."

"Ta wá ni ẹ̀yin?" Bridget béèrè.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí bọ́ọ̀sì kejì fi gbé Mọ́mì dé, itan adìyẹ kan nínú bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Olúyọmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eérú dúdú.

"Ẹ dìde, Bàbá Ṣemílọ́rẹ. Ẹ gba adìyẹ yín kó tó tutù."

Wọ́n jókòó lórí ògiri òkúta. "Wọ́n ní kí ni orúkọ ẹni tí mò ń wá," Mọ́mì wí. "Mo ní Bàbá Ṣemílọ́rẹ. Wọ́n wo ìwé títí, wọ́n ní kò sí. Mo ní àfi tí ihò yẹn bá ti yan án. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé orúkọ ẹni tó fẹ́ ọmọ mi ti pòórá lórí mi."

"Olúyọmí ni, Mọ́mì."

"Olúyọmí." Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu bí ọbẹ̀. "Wọ́n bi ìwọ náà ní tèmi?"

"Wọ́n bi mí, mà. Mi ò rí nǹkan sọ."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Salimot. Kí n tó di ará ṣọ́ọ̀ṣì, Salimot Àbẹ̀kẹ́ ni. Bó o bá tún sọ mí nù, ìyẹn ni kó o wí. Bó ò bá sọ mí nù, má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ."

Nígbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, Mọ́mì kò lọ sẹ́yìn. Ó ní kí Olúyọmí sún fún òun.

Ní McKinney, Ọlábímpé béèrè bí ọkọ òun ṣe tọ́jú ìyá òun.

"Olúyọmí gbìyànjú," Mọ́mì wí, ó sì wọ yàrá lọ. Ọlábímpé yíjú wo ọkọ rẹ̀. Kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, màmá náà ṣì wà láàyè ní Ìkìrun, ara rẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Salimot Àbẹ̀kẹ́. Ẹ má kàn sọ pé èmi ni mo sọ orúkọ náà fún yín.