Ọkọ̀ Òfurufú Tí Kò Kúrò ní Ìwó

Ìyá mi ló da ọ̀rọ̀ náà rú kí n tó kúrò nílé rárá. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi wa pé ọmọ àwọn ń lọ sí òfurufú. Mo ṣàlàyé títí pé kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn olùwádìí kan ló ń wá ẹni tí yóò gbé inú ilé kan lójú ọ̀nà Kuta, tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa, bí ẹni pé ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sójú òṣùpá ni, kí wọ́n lè mọ ohun tí àhámọ́ máa ń ṣe fún ọkàn èèyàn.

Ìyá mi ní, "Ṣé ẹ máa wọ aṣọ àwọn tó ń lọ sí òfurufú?"

Mo ní a máa wọ̀ ọ́.

"Ó tán nìyẹn."

Àwa mẹ́ta la wọlé: èmi, obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti bàbá olùkọ́ kan tó ti ń múra àtifẹ̀yìn tì. Wọ́n ti fi pákó dí gbogbo fèrèsé. Oúnjẹ inú agolo là ń jẹ. Kò sí fóònù. Láràárọ̀, dókítà kan máa ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ẹ̀rọ ara ògiri, á béèrè bí ọkàn wa ṣe rí. "Ó dáa, sà," ni mo máa ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ mo ti sunkún ní balùwẹ̀ kí n tó wá jókòó. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ara mi ò gbà á.

Sálúbàtà bàbá yẹn ló kọ́kọ́ sú mi. Wọ́n máa ń wọ́ ọ nílẹ̀, ṣàà, ṣàà, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí tábìlì. Ó dé ibi pé bí wọ́n bá ti dìde báyìí, mo ti ń fi ọwọ́ di etí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀, mo gbé e, mo sọ ọ́ mọ́ ògiri.

"Ẹ ò lè gbé ẹsẹ̀ yín nílẹ̀ ni?" Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ni mo ń pariwo mọ́.

Wọ́n lọ ṣa sálúbàtà wọn, wọ́n gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì ń fi rìn látìgbà náà. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè fara dà. Ní ọjọ́ kejì, mo lu ilẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n ṣí i fún mi. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kí ló dé tí o ò fi sọ fún dókítà látọjọ́ yìí?" Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, mo sì jáde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ pè mí síwájú ìjọ, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Ìyá àgbà kan ké láti ẹ̀yìn, "Báwo lọ̀hún ṣe rí?" Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lọ ibì kankan. Ọ̀nà Kuta ni mo wà. Mi ò tiẹ̀ lè dúró dópin."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ń wolẹ̀. A wọ kẹ̀kẹ́ délé.

Lọ́jọ́ tí àwọn méjì yòókù jáde, mo lọ, mo fara pa mọ́ sẹ́yìn èrò. Bàbá olùkọ́ rí mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n nítorí sálúbàtà.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ó wu èmi náà kí n lu ilẹ̀kùn yẹn. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n ṣe é."

Wọ́n fà mí sáàárín fún fọ́tò. Ìyá mi ti gbé e kọ́ sí pálọ̀. Bí àlejò bá ti ń wò ó, inú yàrá ni mo máa ń bá lọ.