Páálí Tó Ní Lébẹ́ẹ̀lì Yẹ́lò

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìyàwó mi ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń wálé.

Lára ẹrù wa ni àwọn páálí kan tó ní lébẹ́ẹ̀lì yẹ́lò. Oògùn jẹjẹrẹ ló wà nínú òmíràn, irin iṣẹ́ àwọn tó ń wa epo ló wà nínú òmíràn, ìtànṣán tí ojú kò rí sì ń jáde lára wọn. Èmi ni mo máa ń ka nọ́ńbà ara lébẹ́ẹ̀lì náà, torí òun ló ń sọ bó ṣe yẹ kí páálí jìnnà tó sí ibi tí èrò jókòó. A ó fi okùn dè é kó má baà yí, a ó sì kúrò níbẹ̀ kíá. Mo ń lẹ báàjì kan mọ́ àyà, tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù láti fi mọ iye ìtànṣán tó kàn mí.

Oyún ìyàwó mi wọ oṣù keje nígbà tí ọmọ náà kò yí nínú rẹ̀ mọ́. Òkú ọmọ ni ó bí ní ọsibítù ní Adó. Ọmọbìnrin ni.

Ìyá ìyàwó mi wá láti Ìlawẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé.

“Kí ni o ń gbé níbi iṣẹ́ yẹn gan-an?”

Mo ṣàlàyé. “Wọ́n ń yẹ̀ wá wò, Màámi. Kò sí ohun tó ṣe mí.”

“Bóo bá ń gbé e wọ ulé lára aṣọ ńkọ́?”

“Kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ, Màámi. Inú páálí ni ohun tó ń tú u jáde wà.”

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ẹrù bàjẹ́, ọkọ̀ sì fẹ́ gbéra, mo bá gbé ọ̀kan lára àwọn páálí náà mọ́ ikùn dé ìdí ọkọ̀. Báàjì oṣù yẹn kò fi aburú kankan hàn. Dókítà tó tọ́jú ìyàwó mi ní Adó sọ pé kò lè jẹ́ ìtànṣán náà ló pa ọmọ wa. Mo gbà á gbọ́ lójúmọmọ. Bí mo bá dá wà, n kì í gbà á gbọ́.

Mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo padà sídìí kòkó bàbá mi. Nígbà tí a bí ọmọkùnrin lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà mí láti fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi wò mí títí, ó sì gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.

“Gbé e,” ló wí.